Kí Èdè Ṣáínà Tí À Ń Kọ́ Má Baà Kú Sí Wa Lẹ́nu

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa)



Gbogbo wa la mọ ìdí tí èdè Mandarin fi dé àárín òṣìṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ Ṣáínà ló gba iṣẹ́ rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí à ń lò náà, ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá, tòun ti ìwé ara rẹ̀.

Ìṣòro wa nìyí: a ó kọ́ ọ lónìí, kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó ti fò lọ. Àwọn ọ̀gá Ṣáínà kì í bá wa jókòó. Ògbifọ̀ ló ń dúró láàrin. Nílé ńkọ́, ta la fẹ́ bá sọ ọ́? Ibẹ̀ ni ọkàn ti ń rẹ̀wẹ̀sì.

Ohun tí a ní í sọ ni pé ká má dúró de ọmọ Ṣáínà. Àwa òṣìṣẹ́ ni ká máa bá ara wa sọ ọ́.

Èkíní, etí wa kì í ṣe àjèjì sí irú èdè yìí. Ẹni tó mọ ìyàtọ̀ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti mọ̀ pé ohùn ló ń sọ ìtumọ̀. Ohùn mẹ́rin gbòógì ni Mandarin ní. Mǎi, tí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ni ká rà. Mài, tó já láti òkè wá sílẹ̀, ni ká tà. Ẹni tó ṣi ohùn pè ti sọ rírà di títà.

Èkejì, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wa ni ká fi ṣáájú. Kāi ni ká tan ẹ̀rọ tàbí ká wa ọkọ̀. Guān ni ká pa á. Tíng ni ká dúró. Wēixiǎn ni ewu. Kí awakọ̀ máa pè é sínú: bó bá gbéra, kāi, bó bá dúró, tíng. Iṣẹ́ oòjọ́ wa á wá di olùkọ́.

Ẹ̀kẹta, ká pín ara wa ní méjì méjì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lásìkò oúnjẹ tó: ẹnìkan á béèrè, ẹnìkejì á dáhùn. Nínú ètò ìdánwò HSK ti ọdún 2010, ọ̀rọ̀ 150 ni ìpele kìíní gbà. Bí a bá ń kọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 30 péré ni. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti afẹ́. Òṣìṣẹ́ tí kò lè ka ewu lára ẹ̀rọ, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń tayò. Ẹ̀tọ́ wa ṣì ni pé kí agbanisíṣẹ́ kọ ìkìlọ̀ ní èdè tí a gbọ́; kíkọ́ tí à ń kọ́ kò gba ẹrù yẹn kúrò lórí rẹ̀. Bí a bá sì jókòó lórí ọ̀rọ̀ owó oṣù, ògbifọ̀ tí agbanisíṣẹ́ ń sanwó fún nìkan kò tó. Ó yẹ kí ẹnìkan nínú wa náà gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù mú ọ̀rọ̀ márùn-ún bọ̀ nípàdé tó ń bọ̀. Ẹgbẹ́ á gbè wá o.