Egbò Egbèsì àti Ìwé Àwọn Onímọ̀

Ní oṣù kejì ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ BBC gbé ìròyìn kan jáde láti ìlú Tamale ní apá àríwá Gáná. Ìròyìn náà sọ pé àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà ń gbé hóró oògùn kan mì tí wọ́n fi tapentadol àti carisoprodol ṣe, àdàpọ̀ tí kò sí orílẹ̀-èdè kan ní àgbáyé tí ó fi àṣẹ sí i pé kí a máa lò. Olóyè kan ní Tamale ti kó nǹkan bí 100 ènìyàn jọ, àwọn tí kì í ṣe ọlọ́pàá tí wọn kò sì gba owó oṣù, wọ́n ń gba oògùn náà lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á, wọ́n sì ń dáná sun ún. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba Íńdíà, níbi tí a ti ń ṣe oògùn náà, ti fagi lé àṣẹ ṣíṣe é àti kíkó o ránṣẹ́ sí òkèèrè.

Ohun tí ìjọba lè ṣe nìyẹn, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ta gìrì ní Gumani, àdúgbò kan nínú ìlú Tamale yìí, ní ìbéèrè mìíràn tí ó kọjá ti ọlọ́pàá àti aṣọ́bodè. Ta ni ó mọ ohun tí oògùn yìí ń ṣe nínú ọpọlọ ènìyàn? Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n wà. Iṣẹ́ wọn ni láti wádìí bí oògùn ṣe ń bá ọpọlọ àti iṣan ìmọ̀lára lò, wọ́n ń tẹ ìwé jáde lọ́dọọdún, a sì ń ka iye ìgbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tọ́ka sí ìwé wọn, bí ìgbà tí a ń ka iye ẹran tí ọdẹ pa. Ẹni tí ìtọ́kasí rẹ̀ bá pọ̀ ni à ń gbé ga. Ó yẹ kí a wò ó bóyá ìṣirò yìí àti òtítọ́ a máa rìn pọ̀ nígbà gbogbo, nítorí pé ọ̀ràn kan ti wáyé nítòsí wa tí ó fi í hàn gbangba.

Gbogbo ẹni tí ó bá dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́wẹ ọmọ ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó mọ egbò egbèsì. Àwọn Hausa ń pe igi náà ní tafashiya. Ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ ọ̀dàn láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé ìhà ìlà-oòrùn, àwọn ará àríwá Kamẹrúùnù sì ń fi egbò rẹ̀ wo ibà, ìrora àti wárápá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Elisabeth Ngo Bum ti Yunifásítì Ngaoundéré àti Ọ̀mọ̀wé Germinal Sotoing Taïwe, tí àwọn méjèèjì jẹ́ olùṣèwádìí nípa oògùn àti ọpọlọ, mú egbò yìí lọ sí yàrá ìwádìí. Wọ́n fún eku ní omi àgbo rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ń dá gìrì dúró, ó ń pa ìrora, ó sì ń fi eku lọ́kàn balẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì níyì pé ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ṣe é lórí igi ilẹ̀ Áfíríkà.

Kí ni ó wà nínú egbò náà tí ó ń ṣiṣẹ́? Láti mọ èyí, wọ́n ní láti bá àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé da ọwọ́ pọ̀, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ̀rọ wà. Ní ọdún 2013, ẹgbẹ́ náà, tí Michel De Waard ti ìlú Grenoble jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, tẹ àbọ̀ wọn jáde nínú Angewandte Chemie, ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ kẹ́místrì tí ó lókìkí gidigidi ní Jámánì. Wọ́n ní tramadol ni àwọn rí, kò sì kéré, ó tó ìdá 0.4 nínú 100 èèpo egbò gbígbẹ.

Ìròyìn ńlá ni èyí jẹ́. Nínú yàrá ìwádìí ilé-iṣẹ́ Grünenthal ní Jámánì ni wọ́n ti ṣe tramadol ní ọdún 1962, tí ó sì dé ọjà ní 1977. Kò sí ẹni tí ó rò pé igi kan lè ṣe é. Ibi tí morphine ń bà lé nínú ọpọlọ ni tramadol náà ń bà lé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ó sì tún ń dá serotonin àti noradrenaline dúró, àwọn èròjà méjì tí iṣan ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn, kí wọ́n má tètè padà sí ibi tí wọ́n ti wá. Ìrora a rọlẹ̀, àárẹ̀ a sì fò lọ. Bí ó bá pọ̀ jù, èémí a máa kúrú, gìrì a sì gbé ẹni tí ó lò ó. Kí ẹ fi ti egbò tí à ń fi wo wárápá wé e. Ìwé ìròyìn káàkiri àgbáyé gbé ọ̀rọ̀ náà, inú ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Áfíríkà sì dùn pé ohun tí àwọn baba wọn ti mọ̀ tipẹ́ ni òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí.

Ọdún kan péré ni ayọ̀ náà fi wà láìní alátakò. Ní 2014, Souvik Kusari àti Michael Spiteller ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ní Dortmund, pẹ̀lú àwọn ọmọ Kamẹrúùnù tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, lọ wo igi kan náà ní ìhà gúúsù Kamẹrúùnù. Wọn kò rí tramadol níbẹ̀. Ní àríwá, wọ́n rí i lára egbò, wọ́n rí i nínú ilẹ̀, wọ́n rí i nínú omi. Wọ́n tún rí ohun kan tí ó tú àṣírí náà: àwọn èròjà tí ara ènìyàn àti ti ẹranko máa ń sọ tramadol dà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé e mì. Igi kì í ní ẹ̀dọ̀. Nígbà tí wọ́n bi àwọn àgbẹ̀, àwọn wọ̀nyí kò fi pa mọ́. Wọ́n ń lo tramadol láti lè ṣiṣẹ́ nínú oòrùn ọ̀sán, wọ́n sì ń fi fún màlúù tí ń fa ohun ìtúlẹ̀ kí ó má bàa rẹ̀ wọ́n. Màlúù ń tọ̀, ó ń yàgbẹ́, òjò ń rọ̀, igi sì ń fa omi.

Àwọn ará Faransé kò gbà lójú ẹsẹ̀. Ní 2015 wọ́n gbé ìwé mìíràn jáde tí ó fi ìwọ̀n inú èròjà náà sọ pé igi lè ṣe é. Ìgbà náà ni àwọn ará Dortmund ra hóró tramadol ní ọjà àárín ìgboro Maroua, wọ́n sì bu erùpẹ̀ ní abúlé Houdouvou, wọ́n wọn kábọ̀n onítànṣán tí ó wà nínú méjèèjì. Gbogbo ohun tí ó wà láàyè ló ń gba kábọ̀n yìí láti inú afẹ́fẹ́. Epo rọ̀bì tí ó ti sùn sínú ilẹ̀ fún ọdún àìmọye kò ní in mọ́, inú epo rọ̀bì sì ni èròjà hóró oògùn náà ti wá. Tramadol ti ọjà kò ní in. Tramadol ti inú erùpẹ̀ náà kò ní in. Àbọ̀ yìí jáde ní 2016 nínú ìwé kan náà tí ó gbé ti àkọ́kọ́. Ilé-iṣẹ́ ni tramadol náà ti wá, kì í ṣe inú igi.

Kò sí ẹni tí ó parọ́ nínú ọ̀ràn yìí, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ ketekete. Ohun tí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ rí, wọ́n rí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìṣirò àwọn onímọ̀, ìtọ́kasí tí ó ní “wọ́n rí i” àti èyí tí ó ní “kò rí bẹ́ẹ̀”, ọ̀kan náà ni wọ́n. Eugene Garfield, ará Amẹ́ríkà tí ó dá ìwé àkójọ ìtọ́kasí sílẹ̀ ní Philadelphia ní àwọn ọdún 1960, ṣe é kí olùwádìí lè tọpa ọ̀rọ̀ láti ìwé kan dé òmíràn. Àwọn mìíràn ni ó sọ ọ́ di òṣùwọ̀n ènìyàn. Ní 2005, Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì, fún wọn ní nọ́ńbà kan ṣoṣo: ẹni tí ó ní ìwé 20 tí a tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìgbà 20 ó kéré tán, 20 ni nọ́ńbà rẹ̀. Ó rọrùn láti kà, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn ìgbìmọ̀ ìgbéga fi fẹ́ràn rẹ̀.

Òṣùwọ̀n náà a sì tún máa fojú fo ohun tó ṣe pàtàkì. Ní 1931, Gananath Sen àti Kartick Chandra Bose kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn kan ní Íńdíà pé egbò igi Rauwolfia ń wo wèrè àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn ará Yúróòpù kò fetí sí i. Ìgbà tí Rustom Jal Vakil gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé àwọn oníṣègùn ọkàn ní Ìlú Ọba ní 1949 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀yà igi náà ni aṣofẹ́yẹjẹ. Raymond Prince, oníṣègùn ọmọ Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Àró ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé ní 1960 nípa bí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣe ń fi wo wèrè. Orúkọ Prince wà nínú àkójọ ìtọ́kasí. Àwọn tí wọ́n hú egbò náà, tí wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀, kò sí níbẹ̀.

Tamale kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì fún ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì. Àwọn oníṣòwò wọn kún ọjà ìlú náà kí àṣẹ ìjọba Busia tó lé wọn padà ní oṣù kọkànlá ọdún 1969. Wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ ọ̀dàn tí ó yí Tamale ká jọ ti àríwá Kamẹrúùnù: àgbẹ̀ ń fi màlúù túlẹ̀, egbèsì ń hù, oòrùn ọ̀sán sì mú. Oògùn náà ti dé ibẹ̀, tapentadol tí ìròyìn 2025 sọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú tramadol ní ìran, ilé-iṣẹ́ Grünenthal kan náà ni ó kọ́kọ́ ṣe é. Bí ìyá kan ní Gumani bá ra egbò egbèsì fún ọmọ tí ó ní wárápá, kò sí bí ó ṣe lè mọ̀ nípa wíwò bóyá oògùn ilé-iṣẹ́ ti wọ inú egbò náà.

Yunifásítì fún Ẹ̀kọ́ Ìdàgbàsókè, tí ìjọba Gáná fi òfin dá sílẹ̀ ní 1992, wà ní Tamale. Ó ní ètò kan nípa èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń lọ gbé ní àwọn abúlé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dọọdún, wọ́n ń bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Àwọn ará Dortmund ní láti wọ ọkọ̀ òfuurufú kí wọ́n tó lè bi àgbẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí gbọ́ èdè àgbẹ̀ náà. Kí wọ́n bu erùpẹ̀ díẹ̀ nínú oko, kí wọ́n gé egbò díẹ̀, kí wọ́n bu omi kànga sínú ìgò, kí wọ́n sì kọ orúkọ abúlé àti ọjọ́ sí i lára. Ẹ̀rọ tí yóò wọn ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lè wà ní ìlú mìíràn tàbí ní òkèèrè, a sì lè bá ẹni tí ó ni ín da ọwọ́ pọ̀. Àbọ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè má rí ìtọ́kasí mẹ́wàá ní ọdún mẹ́wàá, pàápàá bí wọn kò bá rí nǹkan kan nínú ìgò náà. Kí ìgbìmọ̀ ìgbéga kà á fún wọn bẹ́ẹ̀ náà, kí a sì fi èdè Dagbani ka àbọ̀ rẹ̀ lórí rédíò Tamale kí àwọn tí ń ra egbò lọ́jà lè gbọ́.