Ẹ̀rọ Ìjàpá àti Ìyẹ́ Àyálò: Ọ̀rọ̀ lórí Yíyan Ẹ̀rọ fún Ọkọ̀ Òfuurufú tí a Fi Ọwọ́ Ara Ẹni Kàn



Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé àlùfáà dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní ìlú yìí wá bá mi ní ilé. Ó tẹ́ ìwé ńlá kan sórí tábìlì mi, ó sì ti ya àwòrán ọkọ̀ òfuurufú kékeré sí i, èyí tí ènìyàn kan ṣoṣo lè jókòó sí. Ó ní, “Bàbá, mo ti rí pákó, mo sì ti rí aṣọ tí n ó fi bo apá rẹ̀. Mo ti ra ẹ̀rọ ọkọ̀ Ìjàpá kan tí ẹnìkan ti lò rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bẹ bàbá mi.” Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, ó sì ti wí fún un pé bí ó bá fẹ́ kú, kí ó má ṣe fi owó ra ikú. N kò fi ọmọ náà rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni n kò sì wí fún un pé kí ó máa lọ. Mo ní kí ó fún mi ní àyè kí n wádìí. Ohun tí mo rí ni mo mú wá síwájú yín lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun tí ọmọ náà ń rò kì í ṣe ohun tuntun. Nígbà tí Wilbur àti Orville Wright ń wá ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, wọn kò rí ilé iṣẹ́ tí yóò ṣe èyí tí ó fúyẹ́ tó fún wọn. Charlie Taylor, tí ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ wọn, ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 12. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903, ẹ̀rọ náà gbé wọn fò, èyí tí ó pẹ́ jù lọ nínú ìfò ọjọ́ náà sì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 59. Ní 1929, Bernard Pietenpol, ní Minnesota, fi ẹ̀rọ mọ́tò Ford Model A sínú ọkọ̀ òfuurufú tí ó fi igi kàn, ó sì fò. Nílẹ̀ wa níhìn-ín pẹ̀lú, ní 2007, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Báyéró ní Kánò, Mubarak Abdullahi, fi ẹ̀rọ Honda Civic ṣe ọkọ̀ òfuurufú alábẹ̀bẹ̀ lórí, ìròyìn rẹ̀ sì kàn ká ayé pé ó gbéra kúrò nílẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méje.

Ẹ̀rọ Ìjàpá fúnra rẹ̀ kò sì jẹ́ àlejò lójú òfuurufú. Lẹ́yìn ogun ńlá kejì, àwọn tí ń kan ọkọ̀ kékeré ní ilẹ̀ Faransé, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà mú un lò. Sìlíńdà mẹ́rin ni ó ní, méjì dojú kọ méjì; afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú lára, nítorí náà kò ní redíétọ̀ tí ó wúwo, kò sì ní omi tí ń jò. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé láti 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ náà. Kò sí ìlú kan ní Ìgbómìnà tí kò mọ ohùn rẹ̀ lórí òkè.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí àlọ́ Ìjàpá àti àwọn ẹyẹ. Ìjàpá yá ìyẹ́ lọ́wọ́ olúkúlùkù ẹyẹ, ó sì bá wọn fò lọ síbi àsè lókè ọ̀run. Nígbà tí ó hùwà àìtọ́, olúkúlùkù gba tirẹ̀ padà, Ìjàpá sì já lulẹ̀, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́. Ẹ̀rọ mọ́tò nínú ọkọ̀ òfuurufú, ìyẹ́ àyálò ni. Ẹni tí yóò yá a níláti bèèrè ohun mẹ́ta.

Èkíní: iṣẹ́ wo ni a ṣe ẹ̀rọ yìí fún? Mọ́tò kì í lo gbogbo agbára rẹ̀ àfi nígbà tí ó bá ń gun òkè. Bí ó bá ti gorí òkè tán, ó sinmi. Ọkọ̀ òfuurufú a lo gbogbo agbára rẹ̀ láti gbéra, lẹ́yìn èyí a sì máa lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ títí yóò fi dé ibi tí ó ń lọ. Ẹ̀rọ Ìjàpá tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní 1600 ní agbára ẹṣin bí 50, ṣùgbọ́n bí a bá ń fi gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́ láìsinmi, orí àwọn sìlíńdà yóò gbóná kọjá ààlà. Ooru ilẹ̀ wa sì ń sọ afẹ́fẹ́ di fífúyẹ́, agbára ẹ̀rọ a sì dínkù. Abẹ̀bẹ̀ tí a dè mọ́ ọn pẹ̀lú ń fà á síwájú, ó sì ń lọ́ ọ̀pá irin tí ń yí nínú rẹ̀, èyí tí a kò rò nígbà tí a ṣe é fún mọ́tò. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọṣẹ́ fi ń pààrọ̀ ọ̀pá náà sí èyí tí ó lágbára jù.

Èkejì: báwo ni yóò ti yí kánkán tó? Bí orí abẹ̀bẹ̀ bá ń sáré súnmọ́ eré ohùn, ariwo ni yóò máa pa, agbára yóò sì ṣòfò. Ẹ̀rọ mọ́tò òde òní kì í lágbára àfi bí ó bá yí ju ìgbà 5,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà a níláti fi jíà dín eré náà kù, jíà sì jẹ́ ẹrù, ó sì jẹ́ ohun mìíràn tí ó lè bàjẹ́. Síbẹ̀ kì í ṣe pé jíà burú. Ẹ̀rọ Rotax 912, tí wọ́n ń ṣe ní Austria, a máa yí tó ìgbà 5,800, ó sì ní jíà. Ṣùgbọ́n fún òfuurufú ni a ti ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Epo mọ́tò lásán ni ó ń mu, èyí tí ó ṣe pàtàkì ní ilẹ̀ tí epo bàálù ti ṣọ̀wọ́n. Ní Kpong, ní Gánà, àwọn ọ̀dọ́bìnrin ti kọ́ bí a ti ń kan ọkọ̀ kékeré àti bí a ti ń tọ́jú ẹ̀rọ yìí. Patricia Mawuli, tí ó di awakọ̀ òfuurufú, wà lára wọn.

Ẹ̀kẹta: bí ó bá kú lókè ńkọ́? Ẹ̀rọ tí a ṣe fún òfuurufú ní púlọ́ọ̀gì méjì fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, àti ohun méjì tí ń fún wọn ní iná, kí ọ̀kan lè ṣiṣẹ́ bí èkejì bá kọ̀. Ẹ̀rọ Ìjàpá ní ẹyọ kan. Bí ó bá kú lójú títì, a ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Láti Ìlá sí Òkè-Ìlá, igbó àti òkè ni ó wà nísàlẹ̀. Níbo ni a ó tì í sí?

Ohun tí mo sọ fún bàbá àti ọmọ nìyí. Mo ní kí a de ẹ̀rọ náà mọ́ igi líle lórí ilẹ̀, kí a so abẹ̀bẹ̀ mọ́ ọn, kí a sì ṣe ọgbà yí i ká kí ọmọdé má ṣe súnmọ́ ọn. Kí ó máa ṣiṣẹ́ nínú ọ̀sán gangan àti nínú eruku ọyẹ́. Kí ọmọ náà máa kọ ooru rẹ̀, epo tí ó mu àti wákàtí tí ó lò sínú ìwé. Mo ní kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ títí yóò fi kọ́ fífò lọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, tí àjọ NCAA, tí ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, yóò sì fi fọwọ́ sí i. Bàbá náà bi mí pé, “Bí ó bá bàjẹ́ níbi tí ẹ dè é mọ́ yẹn ńkọ́?” Mo dáhùn pé, “Ibẹ̀ gan-an ni a fẹ́ kí ó ti bàjẹ́.”

Ó sì bàjẹ́. Kò tíì pé ogún wákàtí tí fáàfù sìlíńdà kẹta fi jóná. Ọmọ náà tú u, ó fi aṣọ wé e, ó sì gbé e lọ fún bàbá rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ náà yí i lọ, ó yí i bọ̀ ní ọwọ́, ó wo ibi tí iná ti jẹ ẹ́, ó sì bèèrè irú irin tí a fi ṣe é. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ọkọ̀ náà kò tíì fò, n kò sì lè ṣèlérí pé yóò fò. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin òbí: bí ọmọ yín bá mú irú èyí wá, ẹ má ṣe fi ẹ̀gàn lé e lọ, nítorí yóò lọ ṣe é níbi tí ẹ kò ti ní rí i. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ sì ni mo bẹ̀ pẹ̀lú pé kí ẹ má ṣe mú ẹ̀rọ kan nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀ tàbí nítorí pé ó wà nítòsí, kí ẹ tó mọ gbogbo ọ̀nà tí ó lè gbà já yín kulẹ̀.