Ìkéde Orúkọ Nínú Àṣẹ Onílà Kan

Èdè Perl tí Larry Wall gbé jáde ní 1987 kì í bi ẹni tí ó kọ àṣẹ onílà kan tẹ̀lé -e léèrè ibi tí orúkọ ti wá. Bí mo bá kéde $ibi, tí ìka mi sì ṣèèṣì tẹ $ibu, òfo ni $ibu. Bí ó bá jẹ́ kíka ìlà lásán, n kò bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó pa àwọn fáìlì inú "$ibi/*" rẹ́ ńkọ́? Àṣìtẹ̀ yẹn sọ ọ́ di "/*", ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà gan-an! Nítorí náà ni mo ṣe ń fi -Mstrict ṣáájú -e: orúkọ tí a kò fi my kéde, Perl yóò kọ̀ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé -E, tí ó dé ní 2007, ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.