Kí Ẹrù àti Ẹ̀mí Jọ Délé

Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Nísinsìnyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé, a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ọkọ̀ ń fà. A kò pè é ní tírélà, kí ọkàn yín má baà lọ sọ́dọ̀ ọkọ̀ ńlá tó ń kó sìmẹ́ńtì. Èyí tí wẹ́dà ń fi irin ṣe, tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tàbí jíìpù, ni à ń wí. Irú rẹ̀ náà ni wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ ojú omi.

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tó gba Odò Ọbà kọjá kì í ṣe ọ̀nà eré. Ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí Ìlọrin àti Òkè Ọya ń gbà á tọ̀sán tòru. Bí kẹ̀kẹ́ ẹrù bá já níbẹ̀, ẹ̀mí lè bá a lọ.

Èkínní, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ náà bá ti wà nínú omi, omi lè ti fọ gírísì inú ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú u, kó fi gírísì tuntun sí i. Ẹ jẹ́ kí fọkanáísà wo táyà náà bóyá ó ti sán.

Èkejì, ẹ da omi nù. Lítà omi kan wọn kìlógírámù kan. Dúrọ́ọ̀mù 200 lítà tó kún jẹ́ ìwọ̀n àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóòmù tó mu omi ṣe ń wúwo. Ẹ sá a kó gbẹ kí ẹ tó dì í.

Ẹ̀kẹta, ẹ mọ bí a ṣe ń to ẹrù. Ẹ gbé ohun tó wúwo, bí jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìlọta, sísàlẹ̀, kó sún mọ́ iwájú díẹ̀ ju orí táyà lọ. Bí ẹrù àti kẹ̀kẹ́ bá jẹ́ 500 kìlógírámù lápapọ̀, ó kéré tán, kí ìwọ̀n 50, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì kan, tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ bá wúwo jù, yóò máa jù bí ìrù ejò.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi ṣéènì méjì kún ìdè rẹ̀, kí wọ́n kọjá lára wọn lábẹ́ ìdè náà. Bí ìdè bá já, ṣéènì ni yóò dì í mú. Ẹ so okùn lórí tàpólì, kí iná ẹ̀yìn náà máa tàn.

Ẹ̀karùn-ún, a bẹ̀ yín, kí ọmọ tàbí àgbà kankan má ṣe jókòó lórí ẹrù. Ẹrù tó bá bọ́ sílẹ̀, a lè rà á padà.

Bí ẹ bá ti gbéra, ẹ dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ gbé ọwọ́ sún mọ́ àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Bí ó bá gbóná janjan, ẹ má lọ síwájú. Ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà pé kó má kọjá 45 kìlómítà ní wákàtí kan, kó sì jìnnà sí ọkọ̀ iwájú. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń jù, kó má tẹ bíréèkì lójijì, kó má yí sítíárì. Kó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kí eré rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá bá omi tó ń ṣàn lójú ọ̀nà, ẹ padà. Omi tó jìn tó 60 sẹ̀ǹtímítà lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 122, nọ́ńbà àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹrù bá pọ̀, ẹ lọ ẹ̀ẹ̀mejì. Ọlọ́run yóò mú yín délé láyọ̀.