Ẹni Tó Da Eérú: Ọ̀rọ̀ Lórí Pàǹtí Inú Ilé Iṣẹ́ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò)

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó oṣù ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ yín, a ó sì dé orí rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gba owó oṣù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ọwọ́ tí yóò fi gbà á. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí ni a fẹ́ fi ṣáájú.

Ẹ ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó ń gbálẹ̀ ní ilé alájà mẹ́ta tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé garawa ìdọ̀tí iwájú láàbù, ó fi ọwọ́ tẹ bébà inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó lè rí ẹnu ọ̀rá so. Abẹ́rẹ́ wà lábẹ́ bébà náà, ó sì gún un ní àtẹ́lẹwọ́. Ta ló lò ó? Ẹ̀jẹ̀ ta ló wà lẹ́nu rẹ̀? Kò sí ẹni tó lè sọ. Oṣù mẹ́fà ni ìyá yìí fi ń lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tí kò sì rí oorun sùn. A dúpẹ́ pé wọn kò rí àrùn kankan. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá oorun oṣù mẹ́fà padà fún un?

Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Níbi iṣẹ́ wa, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó da eérú ti lọ sílé. Ẹni tó wá gbá a ni eérú ń tọ̀. Ẹni tó ju nǹkan sínú garawa mọ ohun tó jù. Ẹni tó fẹ́ kó o kò mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí a fi ń wí pé ibi tí pàǹtí bá ti jáde ni kí a ti yà á sọ́tọ̀, ẹni tó lo nǹkan náà ni kí ó sì yà á.

Ẹ rántí Koko, ní ìpínlẹ̀ Bendel ayé ọjọ́un, tó di ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Ní 1987 àti 1988, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró wá síbẹ̀ láti Ítálì, wọ́n tò wọ́n jọ sí àgbàlá ẹnìkan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì ló ta àwọn oníwèé ìròyìn lólobó. Ìjọba ṣe Dìkírì 42 ti 1988, tó fi ẹ̀wọ̀n gbére ṣe ìjìyà ẹni tó bá da irú rẹ̀. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń kó àgbá wọ̀nyẹn kúrò, ara ta ló jó? Ara àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kó o ni.

Báwo ni kí a ṣe máa yà á? Kò le rárá.

Èkíní, bébà, páálí àti ike omi tó mọ́: ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀ mọ́ oúnjẹ. Àwọn tó ń rà wọ́n wà, ṣùgbọ́n bí ọbẹ̀ bá ti kàn wọ́n, kò sí ẹni tí yóò rà wọ́n mọ́.

Èkejì, àjẹkù oúnjẹ: inú garawa tó ní ìdérí ni kí ó wà, kí a sì máa kó o lójoojúmọ́ nítorí eku. Láti 1969 tí a ti mọ ibà Lassa, ọ̀rọ̀ eku kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ẹ̀kẹta, ìgò tó fọ́: ẹ fi bébà dì í, ẹ gbé e sínú páálí, ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ìgò fífọ́ ni.

Ẹ̀kẹrin, abẹ́rẹ́ àti abẹ: inú àpótí líle tí abẹ́rẹ́ kò lè gún yọ ni àyè wọn. Bí ó bá kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí a tì í pa. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ kàn, inú ọ̀rá yẹ́lò. Pàǹtí lásán, inú ọ̀rá dúdú.

Ẹ̀karùn-ún, kẹ́míkà: kí wọ́n má ṣe dà á sínú síǹkì. Kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ ni kí ó wà, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára rẹ̀. Àwa agbálẹ̀ náà, ẹ má ṣe da blíìṣì pọ̀ mọ́ ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ lè pa ènìyàn.

Ẹ̀kẹfà, gílóòbù gbọọrọ: mákíúrì wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe fọ́ ọ kí ó lè wọ garawa.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa pẹ̀lú. Àwa kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé, bí tísà bá ya tirẹ̀ sọ́tọ̀ tán, inú àpò kan ṣoṣo ni a ó da gbogbo rẹ̀ sí. Àwọn kan sì ń dáná sun ọ̀rá lẹ́yìn ilé, èéfín olóró sì ń padà gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ wá. Ẹ jọ̀wọ́, kí ó dópin.

Lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ, ohun tí a ń béèrè kò pọ̀: ìbọ̀wọ́ tó nípọn, bàtà tó bo ẹsẹ̀, àpótí abẹ́rẹ́ ní gbogbo láàbù, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn ẹ̀dọ̀ B, ẹ̀ẹ̀mẹta fún agbálẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Bí nǹkan bá gún ọ, fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀, kí o sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn tí í dènà kòkòrò HIV kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72. Lẹ́yìn náà, kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀gá rẹ. Òfin 2010 lórí owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tó farapa fún ọ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún agbanisíṣẹ́, ó sì fún agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí. Mú ẹ̀dà ìwé náà wá fún akọ̀wé ẹ̀ka wa. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Kí eérú máa tọ ẹni tó dà á. Ìṣọ̀kan ni agbára wa.