Ọ̀nà Ẹ̀bùrú Kò Sọ Baálé Ilé Di Olówó



Ọ̀pọ̀ wa ló mọ sinimá Ọ̀run Móoru, tí Ọlá Balógun darí ní 1982. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá wa, ló ṣe oníṣòwò tí nǹkan ti ń ṣẹnuure fún tẹ́lẹ̀. Oníṣègùn èké kan ní òun yóò sọ ọ́ di olówó rẹpẹtẹ. Gbogbo ohun ìní rẹ̀ ló bá a lọ. Òṣì àti ìtìjú lé e bẹ́ sódò. Nígbà tí ó dé ọ̀run, wọ́n ní àsìkò rẹ̀ kò tíì tó.

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí MMM ti owó àwọn ènìyàn pa lóṣù Kejìlá 2016, ta ló rẹ́rìn-ín?

Bàbá Sàlá fúnra rẹ̀ jìyà nídìí sinimá náà. Àwọn olè ṣe fídíò rẹ̀ tà kiri, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣe sinimá tí ó pè ní Moṣebọ́látán.

Baálé ilé tí nǹkan dẹnu kọlẹ̀ fún, má dá ẹrù náà gbé. Wá sípàdé, kí o sọ ọ́. Owó tí a ń dá lóṣooṣù ni a fi ń yá ara wa. Ẹni tí ó bá sì yá a, kí ó san án lásìkò, nítorí owó ilé-ìwé ọmọ ẹlòmíràn ni.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.