Sinimá Ìlú Ọba àti Sinimá Yorùbá Láàárín Ọdún 1970 sí 1980

Ọ̀rọ̀ sinimá Ìlú Ọba láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni ẹ̀yin ará Ladi-Lak ní Èkó ní kí n wá sọ, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ti máa bi ara wọn léèrè pé kí ló kan ará Ladi-Lak nínú eré tí àwọn òyìnbó ṣe ní ìlú wọn ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ó kàn wá gidigidi. Láàárín ọdún wọ̀nyí gan-an ni eré Yorùbá kọ́kọ́ bọ́ sórí aṣọ funfun ilé sinimá, òkè òkun, àgàgà London, ni a sì ti ń fọ fíìmù wa, tí a ti ń gé e, tí a ti ń da ohùn mọ́ ọn lára. Àìsàn tó ń bá sinimá wọn jà nígbà náà, àti àìsàn tó padà dá tiwa dùbúlẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé onílé kí a tó wo tiwa. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, sinimá ni fàájì mẹ̀kúnnù ní Ìlú Ọba: ní ọdún 1946 nìkan, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rà wọlé wòran lé ní bílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1970, iye náà ti wálẹ̀ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 193. Nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1980, ó ti kù sí nǹkan bí mílíọ̀nù 101. Tẹlifíṣọ̀n ti wọ pálọ̀ olúkálùkù, àwòrán rẹ̀ ti kúrò ní dúdú àti funfun, ta ni yóò sì jáde nínú òtútù ilẹ̀ wọn lọ sanwó fún ohun tó lè fi ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ wò nílé? Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé púpọ̀ nínú owó tí wọ́n fi ṣe eré wọn láti bí ọdún 1960 kì í ṣe tiwọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ Hollywood ló ń ná an, nígbà tí ọwọ́ sì há àwọn wọ̀nyí ní Amẹ́ríkà bí ọdún 1970 ti ń wọlé, wọ́n ká owó wọn, wọ́n padà sílé. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Owó olówó náà kò sì jọ owó ẹni. Ilé-iṣẹ́ Hammer, tí Dracula rẹ̀ ti dẹ́rù ba tọmọdé tàgbà káàkiri ayé, wá ń gbé àwàdà orí tẹlifíṣọ̀n wá sínú ilé sinimá kí ó lè rí oúnjẹ jẹ. Irú rẹ̀ ni On the Buses ti ọdún 1971, tí èrò rọ́ lọ wò.

Síbẹ̀, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àárín ọ̀wọ́n owó yìí ni Mike Hodges ti ṣe Get Carter ní ọdún 1971, tí Nicolas Roeg ti ṣe Don't Look Now ní ọdún 1973, tí Ken Loach sì ti gbé Kes jáde síta ní ọdún 1970. Kes yìí wù mí ju ọ̀pọ̀ lọ. Ọmọkùnrin tálákà kan ní ìlú Barnsley, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú, ni ìtàn náà dá lé. Ó rí ọmọ àṣá kékeré kan, ó tọ́ ọ, ó kọ́ ọ ní fífò, ẹyẹ náà sì di ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀ láyé. Loach kò kó àwọn gbajúmọ̀ London wá ṣe é, kò sì yí ohùn àwọn ará Barnsley padà sí Gẹ̀ẹ́sì ààfin; bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní ilé àti ní kòtò èédú ni wọ́n sọ ọ́ nínú eré, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ òyìnbó ẹgbẹ́ wọn kò gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ eré Yorùbá tó ń jẹ́ Àjàní Ògún, ẹ óò rí i pé ọ̀nà kan náà ni àwọn ará ilé wa gbà.

Ẹ jẹ́ kí n tún dúró díẹ̀ lórí eré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ The Wicker Man, tí Robin Hardy darí ní ọdún 1973. Ọlọ́pàá kan, onígbàgbọ́ tí kì í fi àdúrà ṣeré, gba erékùṣù kan lọ ní ilẹ̀ Scotland láti wá ọmọbìnrin kan tí wọ́n ní ó sọnù. Nígbà tó débẹ̀, ó rí i pé gbogbo ìlú ti kọ ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, wọ́n ti padà sídìí òòrùn àti àwọn òrìṣà oko tí àwọn baba ńlá wọn ń bọ kí Jésù tó dé ilẹ̀ wọn. Irè oko wọn kò sì dára ní ọdún tó kọjá, wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò fi ṣètùtù. Òun gan-an ni wọ́n ń wá. Wọ́n ti ọlọ́pàá náà mọ́ inú ère ńlá kan tí wọ́n fi ọ̀pá hun, wọ́n dáná sí i, wọ́n sì ń kọrin bí ó ti ń jó. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àwọn tí àwọn àlùfáà wọn sọ fún wa títí pé òkùnkùn ni òrìṣà wa, tí wọ́n ní kí a ju Ifá síná kí a sì so agogo ṣọ́ọ̀ṣì kọ́, àwọn náà ló jókòó sínú òkùnkùn ilé sinimá ní ọdún 1973 tí jìnnìjìnnì ń mú wọn nítorí àwọn òrìṣà tiwọn tí wọ́n ti sin láti ìgbà láéláé. Ìgbà náà sì ni ọ̀pọ̀ irú eré báyìí ń jáde lọ́dọ̀ wọn.

Ní ilẹ̀ tiwa, ní ọdún 1979 ni Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọ́sà, baba àwọn òṣèré, arìnnà bí ẹni tí ọ̀nà bí, òun àti Ọlá Balógun adarí eré, gbé Aiyé jáde. Nínú eré yìí pẹ̀lú, ohun àtijọ́ ló gba ojú ìran: àwọn àjẹ́ ń da ìlú láàmú, wọ́n ń yí ayé ọmọ ènìyàn padà, Oṣẹ́túrá adáhunṣe, tí Ògúndé fúnra rẹ̀ ṣe, sì dìde sí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọlọ́pàá òyìnbó jẹ́ òfin tí ìṣẹ̀ṣe sì jẹ́ ọ̀tá òfin nínú eré ti Hardy, ìṣẹ̀ṣe ni òfin nínú ti Ògúndé. Ọ̀dọ̀ adáhunṣe ni ìlú sá sí. Bí a bá ń sọ ti ọgbọ́n kámẹ́rà àti ti ìtàn tí kò ní àlàfo, èmi yóò gbé oríyìn fún Hardy. Bí a bá sì ń sọ ti ẹni tó mọ àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀, tó mọ ẹ̀rù wọn àti ìrètí wọn, mi ò rí ẹni tó lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògúndé láàárín ọdún wọ̀nyẹn ní London tàbí ní Èkó. Aiyé kún Gbọ̀ngàn Ìṣeré ti Ìgànmú bámúbámú nígbà ọdún Àjíǹde àti nígbà Kérésìmesì, àwọn tí kò rí ọ̀nà wọlé a sì máa dúró de ìgbà tí àwọn ti inú yóò jáde.

Kí a má gbàgbé àwọn ènìyàn wa tó wà nínú sinimá Ìlú Ọba tẹ́lẹ̀. Orlando Martins, ọmọ bíbí Èkó tí a bí ní ọdún 1899, ti ń ṣeré ní London kí ọ̀pọ̀ nínú bàbá wa tó dáyé. Ó wà nínú Sanders of the River ní ọdún 1935. Nínú Men of Two Worlds ti ọdún 1946, adáhunṣe búburú ni wọ́n fi í ṣe. Nínú The Hasty Heart ti ọdún 1949, níbi tí òun àti Ronald Reagan tó padà di Ààrẹ Amẹ́ríkà ti jọ ṣeré, sójà aláwọ̀ dúdú tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi í ṣe. Ọkùnrin gìrìwò, olóhùn bí ààrá, ọdún gbọọrọ ló fi ń jẹ́ ohun tí àwọn ẹlòmíràn bá ní kí ó jẹ́! Ó padà sí Èkó ní ọdún 1959, ìgbà tó sì dàgbà tán ni ó ṣe Kongi's Harvest ti ọdún 1970, eré tí Francis Ọládélé ṣe agbátẹrù rẹ̀ láti inú ìwé Wọlé Ṣóyínká. Ní ọdún 1985 ni ó wọ káà ilẹ̀ lọ.

Ní London fúnra rẹ̀, Horace Ové, ọmọ Trinidad, ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó darí eré gígùn ní ilẹ̀ náà. Pressure ni orúkọ rẹ̀; àárín ọdún 1970 sí 1980 ni ó ṣe é, owó àjọ British Film Institute ló sì fi ṣe é. Ó fi bí ọlọ́pàá ti ń lu àwọn ọmọ adúláwọ̀ hàn, ó sì fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan hàn tí a bí sí London, tó kàwé, tó mọ̀wé, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbà síṣẹ́. Àwọn tó fún un lówó fi eré náà pamọ́ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e síta. Àwọn ọmọ wa pẹ̀lú ń bá iṣẹ́ lọ níbẹ̀: Yẹmí Àjíbádé, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, òṣèré àti òǹkọ̀wé, ni ilé ìtàgé Royal Court gbé eré rẹ̀ tó ń jẹ́ Parcel Post sórí ìtàgé ní ọdún 1976.

Ẹni tó mú irú ìbínú tó wà nínú Pressure wálé ni Eddie Ugbomah, aṣefíìmù, tó ti kọ́ṣẹ́ ní London kí ó tó padà wá sí Èkó. Nígbà tí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn adúláwọ̀, ń bọ̀ ní ọdún 1977, ìjọba Nàìjíríà bẹ British Museum kí wọ́n yá wa ní ìbòjú eyín erin ti Ìyá Ọba Ìdíà, èyí tí àwọn ọmọ-ogun òyìnbó kó ní Benin ní ọdún 1897. Wọ́n kọ̀. Ugbomah bá ṣe The Mask nígbà tí ọdún 1980 kù sí dẹ̀dẹ̀: nínú rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà kan wọ London bí James Bond, ó sì lọ gbé ìbòjú náà padà wálé. Àwọn kan fi eré náà ṣe ẹlẹ́yà pé kò gún régé tó. Èmi kò bá wọn fi ṣe ẹlẹ́yà. Bond ni ó níyì jù nínú ohun tí sinimá Ìlú Ọba ń tà fún ayé nígbà náà, akíkanjú tí ń wọ ilé onílé kiri nítorí ọba rẹ̀. Ugbomah sì gba idà náà lọ́wọ́ wọn, ó kọjú rẹ̀ sí ibi tí ẹrù wa wà.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ilé. Ní ọdún 1976 ni Ọlá Balógun, tó kọ́ iṣẹ́ sinimá ní Paris, gbé Àjàní Ògún jáde, eré àkọ́kọ́ tí a fi èdè Yorùbá ṣe fún ilé sinimá. Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo wa mọ̀ sí Adé Love, ni ọdẹ ọ̀dọ́ tó ń jà fún ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tí olówó kan fi agbára gbà. Dúró Ládiípọ̀, ọba kò so, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1979, wọ́n tún gbé Ìjà Òmìnira jáde láti inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn-Ẹṣin. Kì í ṣe owó òyìnbó ni wọ́n fi kó èrò jọ. Àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó ti fi ọgbọ̀n ọdún tẹ ọ̀nà náà, láti Ìlọrin dé Badagry, kò sì sí ìlú tí a kò ti mọ orin wọn. Nígbà tí àwọn Lárúbáwá àti àwọn ará Íńdíà tó ni púpọ̀ nínú ilé sinimá kò kọbi ara sí wọn, wọ́n so gbohùngbohùn mọ́ ọkọ̀, wọ́n gbé fíìmù sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń fi í hàn ní gbọ̀ngàn ìlú, ní ilé-ìwé, ní òtẹ́ẹ̀lì, olówó eré fúnra rẹ̀ a sì dúró sẹ́nu ọ̀nà gba owó wọlé.

Ohun tó yà wá sọ́tọ̀ kúrò lára wọn nìyí: àwọn ní ilé-iṣẹ́, ní òṣìṣẹ́, ní ibi ìfọ̀fíìmù, èrò ni kò wá mọ́; àwa ní èrò tó ń ti ilẹ̀kùn wó, kò sì sí ibì kan ní gbogbo Nàìjíríà tí a ti lè fọ fíìmù aláwọ̀ ti sinimá ńlá. Gbogbo ẹsẹ̀ bàtà tí kámẹ́rà bá yà, ọkọ̀ òfurufú ni yóò gbé e lọ. Òyìnbó kan, Freddie Goode, ni òun àti Ògúndé jọ darí Jáyésinmi ní ọdún 1980. Ní àkókò náà, náírà kan tóbi ju dọ́là kan lọ, kò sì sí ẹni tó rí ewu nínú rẹ̀. Nígbà tí owó wa já wálẹ̀ ní ọdún 1986, ohun tí bàbá kan lè ti fi èrè oṣù mélòó kan san di ohun tí ilé àti ilẹ̀ kò lè san. Àwọn olè tilẹ̀ ti ṣáájú náírà: Ọ̀run Mooru ti Bàbá Sálà, ọdún 1982, di ohun tí wọ́n ń tà ní fídíò kí Mósè Ọláìyá, tí í ṣe Bàbá Sálà fúnra rẹ̀, tó rí èrè owó rẹ̀, gbèsè sì bò ó mọ́lẹ̀. Láti ibẹ̀ ni a ti sá wọ inú fídíò, tí sinimá àgbéléwò fi bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó ń dùn mí jù ni mo fẹ́ sọ báyìí. Wọ́n gé The Wicker Man kúrú kí wọ́n tó gbé e síta, ojúlówó fíìmù rẹ̀ sì sọnù. Ẹ̀dà kan tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí Roger Corman, aṣefíìmù kan ní Amẹ́ríkà, ló jẹ́ kí wọ́n rí èyí tó gùn tò padà. Wọ́n tún Pressure ṣe, wọ́n sì gbé e jáde lọ́tun ní ọdún 2023, ọdún náà gan-an tí Ové kú. Níhìn-ín, Shaihu Umar tí Adamu Halilu ṣe ní ọdún 1976 ti di ohun ìgbàgbé kí wọ́n tó rí i nínú àpótí ní Jos, tí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n sì fi í hàn ní Berlin ní ọdún 2018. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ Ọlá Balógun kò rí irú oríire bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ ni mo mú wá bá ẹ̀yin ará Ladi-Lak, Bàrígà àti Ṣómólú. Bí bàbá yín bá wa ọkọ̀ fún ẹgbẹ́ òṣèré, tàbí tó ti ta iná sí fíìmù ní Casino ní Yábà, tàbí bí ilé ìtẹ̀wé yín bá tẹ pátákó ìpolówó eré kan rí, ẹ gun àjà lọ wò. Agolo pẹrẹsẹ tó ti dípẹtà ni fíìmù máa ń wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí ọtí kíkan, ó ti ń kú lọ, ṣùgbọ́n kò tíì kú. Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má fi aṣọ tútù nù ún, ẹ má gbìyànjú láti tú u. Ẹ gbé e sí ibi tó tutù, tí omi kò lè dé, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín àti ìlú tí wọ́n ti fi í hàn sára agolo náà, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ eré ní yunifásítì tó wà ní Àkọkà, tí kò jìnnà sí yín.